Ẹ bá mi dá sí i: àwòrán tó mọ́ àti ohùn tó yéni nínú pálọ̀ kan ní Sùúrùlérè

Adùkẹ́_Sùúrùlérè (Sátidé, 8:14 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà kí n tó ná owó tí mo ti ń tù jọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé fúláàtì kan nítòsí Bode Thomas, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pálọ̀ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 ní ìbú, 16 ní òòró. Táìsì ló wà nílẹ̀, POP ló wà lókè, fèrèsé ńlá kan sì wà lápá òsì tí oòrùn ọ̀sán máa ń gbà wọlé.

Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí a bá ń wo fíìmù, wọ́n á máa bi àwọn ọmọ pé, "Kí ló wí?" Bí a bá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, orin inú fíìmù á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń dùn mí, torí fíìmù Yorùbá ni fàájì wọn.

Mílíọ̀nù méjì náírà ni mo ní. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tajà ní kí n ra tẹlifíṣọ̀n 75 ínǹṣì, kí n wá fi ìyókù ra home theatre kan tí wọ́n kọ 5000 wáàtì sí lára páálí. YouTube la máa ń wò jù, lẹ́yìn náà Netflix, bọ́ọ̀lù lórí dikódà, àti kàtúùnù àwọn ọmọ. Ṣé kí n gba ohun tó sọ? Àbí projector ló yẹ wá? Ìnfátà wà nílé, oní bátìrì méjì.

Ẹ̀gbọ́n_Fẹ́sítákì (8:52 àárọ̀)

Arábìnrin Adùkẹ́, ẹ kú ilé tuntun. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí, mò ń to ẹ̀rọ ohùn sí pálọ̀ oníbàárà láti Fẹ́sítákì títí dé Lẹ́kkí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí 5000 wáàtì yẹn bẹ̀rẹ̀. PMPO ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà ìpolówó ni. Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí. Bó bá jẹ́ 90W lẹ bá níbẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí 5000 tí yóò fi lé jáde? RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró, ni nọ́ńbà tí ẹ máa wá. 50 wáàtì RMS fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ti tó pálọ̀ yín. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ di 100, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sókè tó) mẹ́ta péré ni yóò fi kún un, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni etí máa gbọ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè mí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó rà. Fíìmù tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó, èèyàn ṣì lè wò ó títí dé òpin bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yé e. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yéni, ariwo lásán ni, bó ti wù kí tẹlifíṣọ̀n tóbi tó. Ti Màmá yìí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti pinnu: sípíkà àárín lẹ nílò, èyí tí wọ́n ń pè ní center, tó máa wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Òun ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tó wà nínú fíìmù tí wọ́n ṣe ní 5.1, ìyẹn ohùn fún sípíkà márùn-ún àti wúfà kan tó ń gbé béèsì. Tẹlifíṣọ̀n òde òní tín-ín-rín gan-an, sípíkà kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjú sílẹ̀ tàbí sí ògiri, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń kùn.

Bí èmi bá ni mo ni owó yẹn, nínú náírà 100, 45 á lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, 40 sórí ohùn, 15 tó kù á lọ sórí wáyà, ààbò iná, kọ́tìnì àti rọ́ọ̀gì. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú 15 yẹn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ní ti bó ṣe yẹ kó tóbi tó: ẹ mú òòró tẹlifíṣọ̀n láti igun òkè kan sí igun ìsàlẹ̀ lódìkejì, kí ẹ fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí àga wà kí àwòrán tó kún ojú bó ṣe yẹ, ẹ tún lè súnmọ́ ọn títí dé 1.2 bó bá wù yín. 65 ínǹṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 165, nítorí náà mítà 2.6 ni, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ààbọ̀. Yàrá yín gùn ní 16. Ẹ fa àga kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, kí ó wà ní bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ògiri iwájú, ẹ gbé tábìlì ìjẹun sí ẹ̀yìn rẹ̀. 65 á kún ojú yín bí 75 ṣe máa kún ojú ẹni tó lẹ àga mọ́ ògiri, owó ìyàtọ̀ wọn á sì bọ́ sórí ohùn. Béèsì tó máa ń gbárajọ sára ògiri ẹ̀yìn kò sì ní máa kùn mọ́ yín létí.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (9:20 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà projector díẹ̀. Ilé àtijọ́ là ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, yàrá òkè sì máa ń ṣókùnkùn. Ìbú àwòrán tí à ń wò níbẹ̀ ju 100 ínǹṣì lọ, bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tẹlifíṣọ̀n rárá. Gbogbo àdúgbò ló ń wá bá wa wo Super Eagles.

Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, "1080p supported" tí wọ́n ń kọ sára páálí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ní 1080p nínú. Ẹ bi wọ́n léèrè native rẹ̀, ìyẹn iye ojú àwòrán tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú tó wà nígboro, 854 lọ́nà 480 ni native wọn, ó kàn ń gba àwòrán ńlá wọlé kó tó rún un pọ̀ ni. Èkejì, ANSI lumens, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n wọ̀n ní ìlànà, ni kí ẹ béèrè. Lumens tí kò ní ANSI lára, bí wáàtì PMPO tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ló rí.

Adùkẹ́_Sùúrùlérè (9:41 àárọ̀)

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni Màmá máa ń wo tiwọn, oòrùn á sì wà nínú pálọ̀. Wọn kì í fẹ́ kí a ti kọ́tìnì pa lọ́sàn-án.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (9:44 àárọ̀)

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra tẹlifíṣọ̀n. Projector kò lè tan dúdú, ibi tó dúdú nínú àwòrán kò lè dúdú ju bí ògiri ṣe rí lọ. Bí oòrùn bá ti kan ògiri, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n_Fẹ́sítákì (10:05 àárọ̀)

Òtítọ́ lẹ sọ. Ọ̀rọ̀ oòrùn yìí náà ló ní kí n má gbà yín níyànjú OLED, irú tẹlifíṣọ̀n tí ojú iná kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń tan fúnra rẹ̀. Dúdú OLED dùn ún wò lálẹ́, torí ojú iná kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ló ń dá kú. Ṣùgbọ́n LED tó dára, pàápàá Mini-LED, mọ́lẹ̀ jù ú lọ lọ́sàn-án. Ẹ tún rántí pé ilé tí wọ́n ń fi dikódà wo ìròyìn àti bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ dalẹ́, àmì ilé iṣẹ́ tó máa ń wà ní igun kan náà lè sàmì sójú OLED bó bá pẹ́.

Bí ẹ bá ti gbé e délé, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó nínú ṣọ́ọ̀bù, "Vivid" tàbí "Dynamic" ni, kó lè gba ojú oníbàárà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan á rí bíi búlúù, ara àwa èèyàn dúdú á sì di eérú. Ẹ yí i sí "Movie", "Cinema" tàbí "Filmmaker Mode", èyí tí ẹgbẹ́ UHD Alliance kéde rẹ̀ ní 2019 kí tẹlifíṣọ̀n lè fi fíìmù hàn bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa rò pé ó ti pọ́n jù. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ojú yín á mọ́ ọn, ẹ ò sì ní fẹ́ padà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "motion" sí, kí ẹ pa á fún fíìmù. Àwòrán 24 ni fíìmù ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí tẹlifíṣọ̀n bá ń dá tirẹ̀ kún àárín wọn, fíìmù olówó ńlá á rí bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Ẹ rẹ "sharpness" sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan tí mo ń rí ní ilé ńláńlá tó ń dùn mí ni wáyà AV aláwọ̀ mẹ́ta, pupa, funfun àti yẹ́lò, tí wọ́n fi so dikódà HD mọ́ tẹlifíṣọ̀n 4K. HD kò gba inú wáyà yẹn kọjá. HDMI ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wọ inú dikódà lọ wò bóyá 1080 ló wà.

Ọlọ́jà_Alábà (10:31 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Mo ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Alábà ní Ọ̀jọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò, torí inú tèmi máa ń dùn bí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ mi bá ń ṣiṣẹ́ níbi tó lọ.

Receiver (áńpílífáyà tí ẹ máa so tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo sípíkà mọ́) tòkunbọ̀ tí ẹnìkan ti lò nílùú òyìnbó sàn ju home theatre tuntun olówó kékeré lọ lọ́pọ̀ ìgbà, torí ẹ lè pààrọ̀ sípíkà kan lọ́la láì da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn home theatre inú páálí yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹnu wáyà tiwọn nìkan, sípíkà wọn sì lè jẹ́ 3 ohms (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) tí receiver mìíràn kò fẹ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi iná kàn án. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 120V ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, ti Japan á jẹ́ 100V. Iná tiwa jẹ́ 230V. Bí ẹ bá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ó ti jóná nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Step-down, ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀, lẹ máa rà sí i, èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn receiver náà. Bí ẹ bá rí èyí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì wá, 230V ni, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á so sípíkà mọ́ gbogbo ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú yín, iwájú, àárín àti ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki HDMI bọ gbogbo ihò rẹ̀. Ẹ béèrè rìmóòtù àti máìkì kékeré tó máa ń bá a wá. Máìkì yẹn ṣe pàtàkì, Ẹ̀gbọ́n á ṣàlàyé.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá (11:10 àárọ̀)

Ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá àgbà tó máa jókòó nílé lọ́sàn-án nígbà tí Adùkẹ́ bá lọ síbi iṣẹ́. Ṣé àwọn ni wọ́n máa tan tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n tan receiver, kí wọ́n yàn input, kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan? Soundbar, sípíkà gbọọrọ kan tó máa ń wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, la fi sí pálọ̀ wa. Wáyà HDMI kan ṣoṣo ló lọ láti ihò eARC tẹlifíṣọ̀n (ihò HDMI tí ohùn tẹlifíṣọ̀n ń gbà jáde) sínú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi á tẹ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, méjèèjì á tan pọ̀, ohùn á jáde. Àwọn ọmọ kò ní wáyà tí wọ́n máa fà tú.

Ẹ̀gbọ́n_Fẹ́sítákì (11:32 àárọ̀)

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọlé, mi ò sì ní jà yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra soundbar, kó jẹ́ 3.1 ó kéré tán. Mẹ́ta yẹn ló sọ pé center wà nínú rẹ̀. Oní 2.0 àti 2.1 kò ní in, ọ̀rọ̀ á tún máa farapamọ́ sínú orin.

Ṣùgbọ́n receiver náà lè ṣe ohun tí ẹ sọ yẹn. Tí ẹ bá so ó mọ́ ihò ARC (èyí tó ṣáájú eARC), tí ẹ sì ṣí CEC, ètò tó ń jẹ́ kí rìmóòtù kan darí ẹ̀rọ méjì, lára tẹlifíṣọ̀n àti receiver, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ló máa tan méjèèjì, òun náà ló máa yí ohùn sókè sódò. ARC ti wà láti ìgbà HDMI 1.4 ní 2009, nítorí náà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ náà lè ní in. ARC lásán ń gbé ohùn 5.1 ti Netflix dáadáa. Ẹni tó ń fi Blu-ray wo fíìmù ni eARC ṣe pàtàkì fún.

Èrò tèmi ni pé nínú yàrá tó tóbi tó 14 lọ́nà 16, receiver pẹ̀lú sípíkà mẹ́ta níwájú àti wúfà kan á fún Màmá ní ọ̀rọ̀ tó yé wọn ju soundbar tí owó wọn jọ dọ́gba lọ. Sípíkà méjì ti ẹ̀yìn lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Wọn kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ òṣèré jáde, nítorí náà ìyá tó fẹ́ gbọ́ ohun tí ìyáálé wí fún ìyàwó kò ní pàdánù nǹkan.

Bàbá_Wáyà (12:03 ọ̀sán)

Oníná ni mí ní Bàrígà. Iṣẹ́ tèmi ni kí iná má ba owó yín jẹ́.

Ẹ bi ara yín bóyá ìnfátà yín jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń rìn geere bíi ti NEPA. Èyí tí wọ́n ń pè ní modified máa ń jẹ́ kí áńpílífáyà kùn "hùùù", ó sì máa ń mú kí tíránsífọ́mà inú rẹ̀ àti step-down gbóná. Ní ti bátìrì: bó bá jẹ́ 220Ah méjì oní 12V, tí ẹ kò sì fẹ́ kó kọjá ìdajì kí ó lè pẹ́, ohun tí ẹ máa rí lò nínú rẹ̀ jẹ́ bíi 2,600 wáàtì-wákàtí kí ìnfátà tó mú tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n 65 lè jẹ bíi 150 wáàtì, receiver 100 bí ẹ kò bá pariwo, wúfà 50, dikódà àti router 30. Ẹ fi fáànù kan àti gílóòbù díẹ̀ kún un, bíi wákàtí márùn-ún lẹ máa rí.

Tẹlifíṣọ̀n tuntun pọ̀ tó ń gba 100 dé 240V fúnra rẹ̀, iná tó relẹ̀ kò ní pa á. Iná tó bẹ́ sókè lójijì nígbà tí wọ́n bá dá a padà ló ń pa á. Nítorí náà ẹ ra sitabiláísà tó máa ń gé iná bó bá ga jù, tó sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná wọlé. 2kVA ti pọ̀ tó fún gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wo earth ilé yín pẹ̀lú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta kò ní kí wáyà earth wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé àyágbé ní Èkó pọ̀ tí kò ní in rárá.

Wáyà sípíkà: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oní ìgbéraga fún yín. Wáyà flexible ẹlẹ́nu méjì 1.5mm tí àwa oníná ń lò, tó jẹ́ kọ́pà gidi, ti tó láti iwájú, 2.5mm ni kí ẹ lò fún ẹ̀yìn. Ẹ fi abẹ ha á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, aluminiomu ni wọ́n kùn láwọ̀ kọ́pà, ẹ dá a padà fún un.

Ẹ̀gbọ́n_Fẹ́sítákì (1:15 ọ̀sán)

Bàbá Wáyà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n wá sórí yàrá wàyí, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ń ṣòfò sí.

Arábìnrin, ẹ dúró sáàárín pálọ̀ yín kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dún "tẹ́ẹ̀ẹ̀" tó ń gbọ̀n lẹ́yìn ọwọ́ yín, ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún Màmá nìyẹn. Táìsì, POP, bíríkì onísìmẹ́ǹtì àti gíláàsì fèrèsé, gbogbo wọn ló ń dá ohùn padà. Létí àgbà, ọ̀rọ̀ kan kò tíì tán kí òmíràn tó gùn ún lórí. Bí ẹ bá ra receiver olówó iyebíye sínú yàrá bẹ́ẹ̀, ó máa pariwo dáadáa ni, ọ̀rọ̀ ò sì ní yéni síbẹ̀.

Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn sáàárín tẹlifíṣọ̀n àti àga. Ẹ ran kọ́tìnì tó wúwo, oní lining, kí ó pọ̀ ní ìlọ́po méjì ìbú fèrèsé kí ó lè ká jọ. Lọ́sàn-án ẹ lè fà á dé ìdajì, Màmá á ṣì rí oòrùn. Ẹ gbé àpótí ìwé tàbí àga onítìmùtìmù sí ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri bí àwọn kan ti ń ṣe. Kò mú nǹkankan kúrò nínú béèsì, iná sì lè tètè ràn án.

Sípíkà òsì àti ọ̀tún: kí àlàfo àárín wọn tó bí wọ́n ṣe jìnnà sí àga, kí wọ́n kọjú sí ẹni tó jókòó, kí ẹnu kékeré wọn (tweeter, tó ń gbé ohùn òkè jáde) wà ní ìwọ̀n gíga etí. Center: ẹ gbé e dé etí tábìlì, kí ó má wọ inú àpótí, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ gbé imú rẹ̀ sókè kí ó máa wo ojú ènìyàn. Ẹ má gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sókè bí fọ́tò bàbá àgbà. Ojú ẹni tó jókòó yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn á máa dùn yín, center á sì jìnnà sí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀.

Wúfà ló ń da gbogbo ènìyàn láàmú. Nínú yàrá tó gùn ní mítà 4.9, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní bíi 35 Hz á wú níbì kan, á sì kú níbòmíràn. Ẹ ò lè fi ojú mọ ibi tó dára. Ẹ gbé wúfà sórí àga gan-an, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ ń rìn sókè sódò sí i, kí ẹ wá máa rákòrò lọ lẹ́bàá ògiri iwájú. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ béèsì tó dọ́gba, tí kò sí èyí tó ń wú jù, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Ó gba àkókò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ lè rà tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Máìkì tí Ọlọ́jà Alábà sọ: Denon àti Marantz ń pe tiwọn ní Audyssey, Yamaha ń pè é ní YPAO, Pioneer ń pè é ní MCACC. Ẹ gbé e sórí nǹkan tó ga tó etí, kì í ṣe lórí itan ènìyàn. Receiver á fọ ohùn jáde, á gbọ́ ọ, á sì ṣètò jíjìnnà àti agbára sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan àkókò tí kò sí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni lórí, tí ẹ pa fáànù, tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ti dákẹ́. Ní Sùúrùlérè, ìdájí Sọ́ńdè ló dára jù kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti parí, ẹ wọlé lọ wò ó: bó bá pe àwọn sípíkà kékeré yín ní "Large", ẹ yí wọn sí "Small" kí ẹ sì fi crossover, ààlà tí béèsì ti ń kọjá sọ́dọ̀ wúfà, sí 80 Hz, kí wúfà lè gba ẹrù kúrò lórí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta kún center. Ti Màmá nìyẹn.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó (1:40 ọ̀sán)

Dolby Atmos, ohùn tó ń wá látòkè náà, ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Fẹ́sítákì (1:47 ọ̀sán)

Ó ti wọlé sílé àwọn ènìyàn láti 2014, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n sípíkà tó ń ju ohùn sókè kó lè bọ́ padà nílò àjà tó tẹ́jú. POP onígun mẹ́ta-mẹ́rin tó ní ihò gílóòbù á fọ́n ohùn náà káàkiri. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Adùkẹ́_Sùúrùlérè (Sátidé mìíràn, 7:38 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín, ẹ kú àdúrótì. Mo ra tẹlifíṣọ̀n 65 ínǹṣì tuntun, receiver tòkunbọ̀ 230V, sípíkà mẹ́ta àti wúfà kan. Àwọn ọmọ ló rákòrò, inú wọn dùn gan-an. Rọ́ọ̀gì ti wà nílẹ̀, kọ́tìnì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Àwòrán "Movie" yẹn, ọkọ mi kọ́kọ́ bínú sí i, ní báyìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí i mọ́.

Ohun mẹ́ta ló kù. Netflix ń sọ̀rọ̀ láti inú center dáadáa, ṣùgbọ́n fíìmù Yorùbá lórí YouTube, center dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èkejì, nígbà mìíràn ẹnu òṣèré á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ẹ̀kẹta, aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ wa ní béèsì wa ń dé yàrá òun lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Fẹ́sítákì (8:06 alẹ́)

Ẹ kú oríire. Fíìmù Yorùbá lórí YouTube, stereo ni, òsì àti ọ̀tún nìkan ló ní. Ó jọ pé "Stereo" tàbí "Direct" ni receiver yín wà. Ẹ tẹ rìmóòtù títí ẹ ó fi rí "Dolby Surround", bí receiver bá sì ti pẹ́, "Pro Logic II Movie" ni. Ohun tó bá dọ́gba ní òsì àti ọ̀tún, ó máa fà á wá sí center, ohùn òṣèré sì máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀. Receiver púpọ̀ máa ń rántí ohun tí ẹ yàn fún ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó ń pẹ́ jáde: ẹ wá "Lip Sync" nínú receiver, ẹ jẹ́ kó wà ní "Auto". Bó bá ṣì ń pẹ́, ẹ wo inú tẹlifíṣọ̀n, ibi tí wọ́n kọ "audio delay" sí, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ rí i dájú pé kò sí ohun tó ń gba Bluetooth kọjá, torí Bluetooth máa ń pẹ́.

Ní ti aládùúgbò, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Wúfà tó kọjú sílẹ̀ lórí táìsì ń lu àjà ilé rẹ̀ gan-an ni. Ẹ gbé e sórí rọ́bà tó nípọn tàbí fóòmù tó le. Lálẹ́, ẹ tan "Night Mode" tàbí "Dynamic Range". Ó máa ń tẹ ariwo ńlá mọ́lẹ̀, á sì gbé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sókè. Màmá gan-an lè fẹ́ràn rẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú.

Ìyá_Ìbejì_Yábàá (8:20 alẹ́)

Adùkẹ́, ẹ kú oríire o. Ẹ ṣọ́ dátà o. Netflix fúnra wọn sọ pé 4K lè jẹ tó 7GB ní wákàtí kan, HD sì lè jẹ tó 3GB. Íntánẹ́ẹ̀tì tí kò bá tó 15 Mbps kò lè gbé 4K wọn dáadáa. Ní ilé wa, fíìmù tí gbogbo ilé fẹ́ wò pa pọ̀ là ń wò ní 4K, ti àwọn ọmọ ń lọ ní HD.

Adùkẹ́_Sùúrùlérè (8:51 alẹ́)

Dolby Surround yẹn ṣiṣẹ́! Màmá ń wo fíìmù lọ́wọ́ báyìí, wọ́n ti ń dá ìyáálé inú rẹ̀ lóhùn. Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Ẹni tó máa kun ilé ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n ti fa wáyà sípíkà ẹ̀yìn sínú ògiri kí ó tó kùn ún?

Bàbá_Wáyà (9:12 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé. Kí wọ́n gbẹ́ ògiri, kí wọ́n ri páìpù 20mm mọ́ ọn láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n dé ẹ̀gbẹ́ àga, kí ẹnu rẹ̀ yọ síbi tó bọ́ sẹ́yìn etí díẹ̀ ní òsì àti ní ọ̀tún, kí ó ga ju etí lọ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà kan. 2.5mm ni kí ẹ fà sínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wáyà iná 230V bá a gba inú páìpù kan náà, kí wọ́n jìnnà síra wọn níbi tí wọ́n bá ti jọ ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sípíkà lè máa kùn. Ẹ lẹ àmì mọ́ òpin wáyà kọ̀ọ̀kan, èwo ni òsì, èwo ni ọ̀tún, èwo ni pupa. Fún HDMI, páìpù mìíràn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ rì, torí orí rẹ̀ tóbi, kí ẹ sì fi okùn sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ lè rí nǹkan fà á bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.